Ẹja Tí Kì Í Bímọ Nínú Adágún

Ìtàn ni mo tún gbé wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ogun, kì í sì í ṣe ìtàn àwọn ọba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọba kan yóò yọjú nínú rẹ̀. Ìtàn ẹja ni: bí ọmọ aráyé ti ṣe kọ́ láti máa sin ẹja nínú adágún bí a ti ń sin adìẹ nínú ilé, àti ohun kan tí ó dí wọn lọ́nà ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ.

Ẹ kọ́kọ́ rò ó wò báyìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ sin adìẹ, ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Á ra abo mélòó kan, á ra àkùkọ kan. Abo á yé, á sàba, á pa ọmọ. Ewúrẹ́ náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun bí a ti ń bímọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹja tí ó dára jù fún títà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kó wọn sínú adágún, wọn á jẹun, wọn á sanra, ikùn abo á tilẹ̀ kún fún ẹyin, síbẹ̀ wọn kò ní yé e. Ẹyin náà á wà níbẹ̀ títí ara ẹja á fi fà á gbẹ. Ẹni tí ó ní irú ẹja bẹ́ẹ̀ kò tíì ní ohun ọ̀sìn rárá; oúnjẹ ni ó kó pa mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá tà á tán, àfi kí ó tún padà sí odò lọ wá ọmọ ẹja. Bí odò bá fún un, ó rí ṣe; bí odò kò bá fún un, ó di ẹ̀ẹ̀mìíràn.

Ilẹ̀ Ṣáínà ni a óò yà sí ná, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ìwé àtijọ́ jùlọ lórí ọ̀sìn ẹja ti wá. Fan Li ni orúkọ ọkùnrin tí wọ́n so mọ́ ìwé náà. Ìjòyè ńlá ni ní ìlú Yue, òun ni ó sì ń gba ọba rẹ̀ nímọ̀ràn títí wọ́n fi ṣẹ́gun àwọn ará Wu ní ọdún 473 kí a tó bí Jésù. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun, kò dúró jẹ oyè. Ó mọ̀ pé bí ọba bá ti ṣẹ́gun tán, ìjòyè tí ó gbọ́n jù ni ó máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ó bá tirẹ̀ lọ, ó yí orúkọ padà, ó di oníṣòwò, ó sì lówó rẹpẹtẹ.

Ìwé náà sọ pé ọba Wei ti ìlú Qi ránṣẹ́ pè é, ó bi í léèrè ọ̀nà tí ó gbà là. Fan Li ní ọ̀nà márùn-ún ni ènìyàn lè gbà là, èkíní nínú wọn sì ni ọ̀sìn ẹja. Ó ní kí ọba gbẹ́ adágún, kí ó da ilẹ̀ jọ sáàárín rẹ̀ bí erékùṣù kékeré mẹ́sàn-án, kí ẹja lè máa lúwẹ̀ẹ́ yí wọn ká, kí ó sì rò pé inú odò gbalasa ni òun wà. Kí ó kó abo ẹja káàpù 20 tí ikùn wọn ti kún fún ẹyin sí i, pẹ̀lú akọ 4. Ó ní kí ó fi ìjàpá omi sí i láti máa ṣọ́ wọn, nítorí pé bí ẹja bá ti pé 360, dírágónì á wá kó wọn fò lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù, ẹ̀yin ọmọdé, nítorí ọ̀rọ̀ gidi wà nínú ìwé náà. Ó ṣàlàyé pé káàpù ni òun yàn nítorí pé kì í jẹ ọmọ ìyá rẹ̀, ó sì rọrùn láti sìn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò tún bá a pàdé.

Àwọn òpìtàn kò gbà pé Fan Li fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìwé náà. Ọba Wei tí wọ́n ní ó bi í léèrè kò gorí oyè títí di ọdún 356 kí a tó bí Jésù, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ogun Wu. Ó jọ pé ẹlòmíràn ni ó kọ ọ́ tí ó fi orúkọ olówó náà bò ó. Ẹni tí ó bá lówó láyé, ọgbọ́n tí kò tilẹ̀ pa ni a óò máa kà sí i lọ́rùn lẹ́yìn ikú rẹ̀. A kò bá má rí ohunkóhun kà nínú ìwé náà lónìí bí kì í bá ṣe pé Jia Sixie, tí ó kọ ìwé ńlá kan lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ lẹ́yìn bí ẹgbẹ̀rún ọdún, dà á kọ sínú tirẹ̀.

Ẹja káàpù yìí máa ń yé nínú adágún láìsí wàhálà. Bí gbogbo ènìyàn bá dúró tì í, ìtàn wa kò bá má gùn. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó yí i padà. Láti ọdún 618 títí di ọdún 907, ìdílé tí à ń pè ní Tang ni ó ń jọba ní Ṣáínà. Orúkọ ìdílé àwọn ọba wọ̀nyí ni Li. Orúkọ ẹja káàpù ní èdè Ṣáínà náà sì ni li. Èdè Ṣáínà dàbí èdè tiwa: ohùn ni ó ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, bí ọkọ̀ ti yàtọ̀ sí ọkọ́. Ṣùgbọ́n ní ti ọba àti ti ẹja yìí, ohùn kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Ta ni yóò wá jókòó tí yóò ní òun ń jẹ Li? Wọ́n ṣòfin pé ẹni tí ó bá mú káàpù kí ó dá a padà sínú omi, kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́, ẹni tí ó bá sì tà á yóò jẹ ẹgba 60. Òfin yìí kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nílẹ̀ Yorùbá, nítorí olúkúlùkù wa ni ó mọ ìdílé kan tí kì í jẹ ẹran kan tàbí ẹja kan.

Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé òfin yìí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn asinja yíjú sí àwọn ẹja mìíràn. Bóyá àwọn ènìyàn pa òfin náà mọ́ níbi gbogbo, èyí jẹ́ àríyànjiyàn. Ebi kì í gbọ́ òfin. Ohun tí ó dájú ni pé ẹja mẹ́rin kan wá di gbajúmọ̀ nínú adágún, tí wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní. Mọ̀lẹ́bí káàpù ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n oúnjẹ wọn kò pa pọ̀. Ọ̀kan ń jẹ koríko bí ewúrẹ́. Èkejì ń sẹ́ àwọn ewédò tí ó kéré ju kí ojú rí, àwọn tí ń sọ omi adágún di àwọ̀ ewé. Ẹ̀kẹta ń sẹ́ àwọn kòkòrò tíntìntín tí ń jẹ ewédò náà. Ẹ̀kẹrin ń wà nísàlẹ̀, ó ń fọ́ ìṣáwùrú jẹ.

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ á gé koríko sọ sínú omi. Ẹja àkọ́kọ́ á jẹ ẹ́, á yàgbẹ́. Ìgbẹ́ rẹ̀ á di ajílẹ̀ fún ewédò. Ẹja kejì àti ẹ̀kẹta á rí tiwọn jẹ. Koríko kan ṣoṣo, ẹja mẹ́ta jẹ nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó du èkejì. Ní apá gúúsù Ṣáínà, ní ẹnu odò Pearl, wọ́n tilẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbin igi mulberry sí etí adágún, wọ́n fi ewé rẹ̀ bọ́ kòkòrò tí ń hun sẹ́dà, wọ́n da ìgbẹ́ kòkòrò náà sínú omi fún ẹja, nígbà tí wọ́n bá sì gbẹ adágún, wọ́n a kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ padà sí ìdí igi mulberry. Àwọn tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀ lóde òní ń pe irú èyí ní ohun tuntun.

Ibi tí ìdènà wà rèé: kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ń yé nínú adágún. Odò ńlá ni wọ́n ń wá. Nígbà tí òjò bá rọ̀ tí omi odò Yangtze bá kún, tí ó sì ń ṣàn gidi, nígbà náà ni wọn á kóra jọ, tí abo á yé, tí ẹyin á máa bá omi lọ títí á fi pa lójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí àwọn ará etí odò fi máa ń dẹ àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ sójú ìṣàn lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, láti gbẹ́n ọmọ ẹja tí kò ju ṣóńṣó abẹ́rẹ́ lọ.

Ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Zhou Mi, tí ó kú ní ọdún 1298, ṣàpèjúwe àwọn tí ń ra ọmọ ẹja wọ̀nyí ní Jiangzhou létí odò Yangtze, tí wọ́n sì ń rù wọ́n lọ sí àwọn ìgbèríko tí ó jìnnà, títí dé Fujian. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò wọ́n dáadáa. Apẹ̀rẹ̀ ọparun ni wọ́n ń lò, wọ́n fi bébà tí a kùn lẹ́ inú rẹ̀ kí ó má baà jò. Omi inú rẹ̀ kò pọ̀, ọmọ ẹja inú rẹ̀ kò sì lóǹkà. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti kan adágún lọ́nà ni wọ́n ti ń pààrọ̀ omi, lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́. Wọ́n ń ṣà wọ́n bí wọ́n ti ń lọ: èyí tí ó bá tóbi díẹ̀ tí ìpẹ́ rẹ̀ sì dúdú, wọ́n á yọ ọ́ dànù, torí pé á pa àwọn yòókù lára. Ọ̀sán ni, òru ni, ìrìn ni. Bí ó bá sì rẹ̀ wọ́n tí wọ́n fẹ́ jókòó, ẹnì kan kò gbọdọ̀ jókòó: òun ni yóò máa mi apẹ̀rẹ̀ náà jẹ́jẹ́. Bí omi bá ń mì, ọmọ ẹja á rò pé inú odò ni òun ṣì wà. Bí omi bá dákẹ́, wọn á kú.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ mọ ìdí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni. Omi tí ń mì ń gba afẹ́fẹ́ sínú, omi tí ó dákẹ́, tí ọ̀pọ̀ ẹja wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á tán kíá. Àwọn aláàárù wọ̀nyẹn kò mọ orúkọ afẹ́fẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. Ẹ̀mí àgbẹ̀ tí ó wà lókè lọ́hùn-ún, tí ó ti gbẹ́ adágún, tí ó ti jẹ gbèsè, ọwọ́ ẹni tí ń mi apẹ̀rẹ̀ lóru ni ó wà.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Àwọn ará Yúróòpù náà gbìyànjú. Ní Jámánì, láàárín ọdún 1760 sí 1769, Stephan Ludwig Jacobi kọ̀wé pé bí a bá fọwọ́ tẹ ikùn abo ẹja trout tí ẹyin rẹ̀ ti gbó, ẹyin á jáde sínú abọ́, a lè fún àtọ̀ akọ sí i, yóò sì di ọmọ. Ohun ńlá ni. Ṣùgbọ́n trout máa ń gbó fúnra rẹ̀ tí àkókò bá tó. Èyí tí kò gbó ńkọ́? Tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sí ohun tí yóò jáde.

Kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn yìí wà nínú orí ẹja fúnra rẹ̀. Nísàlẹ̀ ọpọlọ, kókó kékeré kan so rọ̀ níbẹ̀, nínú ẹja kì í tó kóró ọkà bàbà. Àwa ènìyàn náà ní in. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní pituitary. Ìránṣẹ́ ni kókó yìí. Nígbà tí òjò bá rọ̀, tí omi bá kún, tí ó sì yí padà, ọpọlọ ẹja á mọ̀, á sọ fún kókó náà, kókó náà á tú omi ara kan sínú ẹ̀jẹ̀, omi ara yìí ni yóò sọ fún ẹyin pé àkókò tó. Nínú adágún, omi kì í kún, kì í ṣàn. Ọpọlọ kò rí ohun tí yóò sọ, ìránṣẹ́ kò sì rí iṣẹ́ jẹ́. Ìránṣẹ́ wà níbẹ̀ o, ẹrù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí yóò rán an ni kò sí.

Ní ọdún 1930, Bernardo Houssay, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Argentina, yọ kókó yìí lórí ẹja kan, ó lọ̀ ọ́, ó gún un ní abẹ́rẹ́ fún ẹja kékeré mìíràn tí ó lóyún, ẹja náà sì bímọ ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1947, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel, ṣùgbọ́n nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí kókó kan náà àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni, kì í ṣe nítorí ẹja.

Àwọn ará Brazil ni ó sọ ọ́ di ohun èlò àgbẹ̀. Ní apá Àríwá Ìlà Oòrùn ilẹ̀ náà, ẹkùn tí a ka Bahia àwọn ọmọ Yorùbá mọ́ lónìí, ọ̀dá máa ń dá gan-an. Ìjọba ṣe ìsédò kiri kí omi má baà wọ́n, wọ́n sì fẹ́ kí ẹja wà nínú rẹ̀ kí àwọn mẹ̀kúnnù lè rí jẹ. Ṣùgbọ́n ẹja bíi curimatã, tí ó máa ń gòkè odò lọ yé nígbà òjò, kò yé nínú omi tí kò ṣàn. Rodolpho von Ihering àti àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ gún wọn ní abẹ́rẹ́ kókó orí ẹja, nígbà tí ó fi máa di ọdún 1934 sí 1935, wọ́n ti ń rí ẹyin gbà. Ẹ ṣàkíyèsí pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti di oúnjẹ. Ibi tí ebi ń pa ènìyàn ni.

Ní Íńdíà, ọjọ́ 10 oṣù July, ọdún 1957, ni Hiralal Chaudhuri àti K. H. Alikunhi fi ọ̀nà kan náà mú káàpù ilẹ̀ wọn yé ní Odisha. Títí di òní ọjọ́ náà ni wọ́n ń ṣe ọjọ́ àwọn asinja níbẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1958, Zhong Lin ní ìgbèríko Guangdong mú méjì nínú ẹja mẹ́rin Ṣáínà yé nínú adágún. Àwọn méjì yòókù tẹ̀ lé wọn ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí ẹni fọ́ ìsédò ni iṣẹ́ náà ṣe ya. Lónìí, Ṣáínà nìkan ni ó ń pèsè ju ìdajì lọ nínú gbogbo ohun tí aráyé ń sìn nínú omi.

Ó tilẹ̀ bọ́ sákòókò. Nígbà tí wọ́n sé odò Yangtze sí ibi tí à ń pè ní Three Gorges, tí omi bẹ̀rẹ̀ sí gbára jọ níbẹ̀ ní ọdún 2003, ìkún omi tí àwọn ẹja náà ń wá kò wá bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́, ọmọ ẹja inú odò sì dínkù gidigidi. Láti ọjọ́ kìíní oṣù January, ọdún 2021, ìjọba wọn fi òfin ọdún mẹ́wàá de ẹja pípa nínú odò náà. Bí ó bá jẹ́ pé apẹ̀rẹ̀ ọparun ni àwọn asinja ṣì gbójú lé, ibo ni wọn ìbá yà sí?

Ẹ jẹ́ kí a wálé wàyí. Nígbà tí ìjọba dá oko ẹja sílẹ̀ ní Panyam, nítòsí Jos, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, káàpù tí a kó wá láti Yúróòpù ni wọ́n fi sí i, ẹja tí ń yé fúnra rẹ̀. Ẹ̀pìyà náà ń yé fúnra rẹ̀, ìṣòro tirẹ̀ ni pé ó ń bí jù: adágún á kún fún ọmọ tí kò ju ìka lọ, gbogbo wọn á sì máa jìjàdù oúnjẹ. Ẹja tí ọkàn àwa ará ìhín fẹ́ ni ẹja àrọ̀. Kò ní ìpẹ́, ó tóbi kíá, ó sì lè yọ ẹnu sókè mí afẹ́fẹ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ rẹ̀ lè gbé nínú omi díẹ̀. Àwọn apẹja wa mọ̀ pé òru tí òjò ńlá bá rọ̀, tí omi odò bá bo koríko etí rẹ̀, ni àrọ̀ ń jáde lọ yé. Nínú adágún ńkọ́? Ikùn rẹ̀ á kún, kò ní yé. Ọ̀rọ̀ Yangtze ni ó tún dé.

Nítorí náà ohun tí àwọn tí ń pa ọmọ àrọ̀ ní Ìbàdàn, ní Ìjẹ̀bú, ní Èkó ń ṣe lójoojúmọ́ ni ohun tí wọ́n ṣe ní Brazil ní ọjọ́sí. Wọ́n á wọn abo, wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ lẹ́yìn, ì báà jẹ́ kókó orí ẹja mìíràn tí a lọ̀ pẹ̀lú omi iyọ̀, ì báà jẹ́ oògùn inú ìgò tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Lẹ́yìn bí wákàtí 10 sí 12, bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹyin á sì máa dà sínú abọ́ gbígbẹ. Ti akọ kò ṣeé tẹ̀; pípa ni wọ́n máa ń pa á kí wọ́n tó lè yọ àpò àtọ̀ rẹ̀. Wọ́n á fún un sórí ẹyin, wọ́n á rò ó pọ̀, ìgbà náà ni wọ́n á tó bu omi sí i. Omi ni ó ń jí àtọ̀ náà, kì í sì í pẹ́ kú. Ẹni tí ó bá fi abọ́ tútù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti pa á kí ó tó kan ẹyin.

Ní nǹkan bí ọjọ́ kan, ẹyin á pa. Fún bí ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ ẹja á máa jẹ oúnjẹ tí ó gbé wá nínú ikùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wàhálà dé, nítorí ebi á dé lójijì, àwọn kan á sì yára dàgbà ju àwọn yòókù lọ. Ẹ rántí ohun tí Fan Li sọ nípa káàpù tí kì í jẹ ọmọ ìyá rẹ̀. Àrọ̀ ní tirẹ̀, bí ẹnu rẹ̀ bá ti gba àbúrò rẹ̀, á gbé e mì. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ máa ṣà wọ́n, kí a kó ńlá sí ọ̀tọ̀, kí a kó kékeré sí ọ̀tọ̀, ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, gẹ́gẹ́ bí àwọn aláàárù Jiangzhou ti ń ṣà tiwọn lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra ọmọ àrọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ẹ má kàn béèrè iye owó rẹ̀ nìkan. Ẹ bi ẹni tí ń tà á pé ìgbà mélòó ni ó ti ṣà wọ́n, kí ẹ sì sọ fún un kí ó bu díẹ̀ sínú abọ́ funfun kí ẹ fojú ara yín wò ó bóyá wọ́n dọ́gba.